Ikọ́ Tí Mo Kó Nínú Yàrá Kòkó

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mi ò parí ilé ìwé. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Òṣogbo ni mo ti sá. Wọn ò lé mi o. Ẹni tí wọ́n lé níyì díẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan rí i kí wọ́n tó lé e. Èmi kàn ṣíwọ́ lílọ ni, kò sì sẹ́ni tó fura títí di ọjọ́ ìdánwò, tí wọ́n pe nọ́ńbà mi, tí àga òfìfo ò lè dáhùn.

Ìwọ̀nba tí mo kọ́ níbẹ̀, bakitéríà ni. Bakitéríà roboto, bakitéríà gbọọrọ, èyí tí oògùn yìí ń pa, èyí tí oògùn tọ̀hún ń pa. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ó dà bíi fíìmù ogun: ọ̀tá wọlé, o yọ kápúsù, ọ̀tá kú. Lọ́jọ́ tí a máa gba ìsinmi, olùkọ́ wa pa ìwé dé, ó ní tí a bá wọlé padà, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló kàn. Mi ò wọlé padà. Ohun tó wá fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́yìn náà, inú orí tó kàn yẹn ló jókòó sí, ó ń dúró dè mí.

Ìyá mi ń gbé ní Dàda Estate, ní Òṣogbo kan náà. Ohun tí ojú wọn ò lè gbà ni kí aládùúgbò yọjú láàárọ̀ Mọ́ńdè kó rí mi lórí àga pálọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. "Ṣé wọ́n ṣì wà ní ìsinmi ni?" Bí obìnrin ilé kejì ṣe ń béèrè nìyẹn, láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o." Ìsinmi tó gùn tóyẹn, òkú nìkan ló ń gbà á. Nígbà tó sú wọn, wọ́n di ẹrù mi, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Iléṣà. Wọ́n ní kí n lọ ran Yèyé lọ́wọ́. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kí n lè kúrò lójú obìnrin ilé kejì ni.

Yèyé là ń pe ìyá ìyá mi, gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà ti kú, wọ́n fi oko kòkó díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìjọ tí Yèyé dàgbà sí, láyé ìgbà kan, wọn kì í fẹnu kan oògùn: àdúrà ni, omi ni. Àwọn ọmọ ìjọ yòókù ti ń lọ ọsibítù tipẹ́, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àfi Yèyé nìkan ló kù tó ń bá májẹ̀mú yẹn lọ. Wọn ò gbé oògùn ẹ̀fọ́rí mì rí. Wọ́n sì le koko. Ìjẹ̀ṣà ẹnu wọn náà le koko bẹ́ẹ̀: ilé ni ulé, iṣu ni uṣu, ikọ́ sì ni ukọ́.

Ẹ sì mọ bí kòkó ṣe di góòlù mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Bó ṣe ń gbówó lórí ni olè ń gbọ́n sí i. Wọ́n ń ká a lórí igi, wọ́n ń kó o lórí ẹní níbi tí wọ́n sá a sí. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó wọnú ilé, wọ́n ń bá a sùn bí ọmọ tuntun. Yèyé kó tiwọn sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n pe káfíńtà, ó fi pákó dí fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó kàn án nínú, ó tún kàn án níta. Wọ́n fi ìdábùú irin sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù: ẹni tí yóò máa wà nínú láti máa ti ìdábùú náà. Lọ́jọ́ kejì ni bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀.

"Ẹ wo Olúwa bó ṣe ń ṣe é," Yèyé wí, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kì í dá ọ̀lẹ kan láìní ibi tí yóò fi í sí."

Orí àpò kòkó ni wọ́n tẹ́ fóòmù mi sí. Wọ́n ní olè tó bá fẹ́ kó o, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé, ibi tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ láti gbé mi ni wọ́n ti máa gbọ́. Bí mo ṣe di ẹni tó ń sùn lórí kòkó bí adìyẹ tó ń sàba nìyẹn.

Òjò ọdún yẹn ò jẹ́ kí kòkó gbẹ. Ó yẹ kó jẹ oòrùn yó kí wọ́n tó rọ ọ́ sápò, ṣùgbọ́n ta ló máa sá góòlù síta? Tútù ni Yèyé kó o wọlé. Kò pẹ́ tí òórùn yàrá náà yí padà: ó kọ́kọ́ ń kan bí ògì àkanjù, ó wá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Tí mo bá tú ẹnu àpò, màá rí i pé kòkó ti bu, irun funfun ti hù sí i lára, ibòmíì ti dúdú, ibòmíì aláwọ̀ ewé. Yèyé ò bẹ̀rù.

"Ra á," wọ́n ní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èèyàn á da kòkó sílẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí funfun náà á fi ṣí kúrò, á kù ú, á dà á padà sápò. Kòkó á tún máa dán bíi ẹni tó wẹ̀. Ìta gbangba ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, kí afẹ́fẹ́ gbé eruku ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Yèyé ní tí ẹni tó ń kọjá bá gbóòórùn kòkó, ó di kí olè mọ ilé wa nìyẹn. Nítorí náà, inú yàrá ni mo ti ń ra á, ilẹ̀kùn ní títì, eruku náà á gbá jọ títí mi ò fi ní rí gílóòbù dáadáa. Tí mo bá jáde, Yèyé á pàtẹ́wọ́: "Ìyàwó òní rèé! Ó ti kun àtíkè!"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìlera ni mí, ìlàjì. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù lójúlé kẹta sí tiwa ti sọ mí ní Dókítà. Ẹ̀sín ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oríkì tí wọ́n bá fi pe ajá, tó bá pẹ́, ajá á máa dáhùn. Dókítà wá wo ara ẹ̀. Ikọ́, igbóná díẹ̀, àyà tó ń dùn mí: bakitéríà ni. Kí ló tún lè jẹ́? Mi ò mọ nǹkan míì tó ń jẹ́ àìsàn.

Mo lọ sí kẹ́mísì ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo ra kápúsù pupa-òun-yẹ́lò. Oníkẹ́mísì náà ò bi mí ní ìbéèrè kankan, èmi náà ò sì fẹ́ kó bi mí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ikọ́ rọ̀. Mo sọ fáwọn ọmọkùnrin ìdí iná pé ṣé wọ́n rí i. Kò tíì tán lẹ́nu mi tó tún dé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé tí oògùn kan ò bá ràn án, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé bakitéríà náà ti gbọ́n. Mo ra èyí tó le jù ú lọ. Nígbà tí ìyẹn náà ò ràn án, mo ra èyí tó le ju ìyẹn lọ. Mo gba abẹ́rẹ́. Mo pa méjì pọ̀. Bí òṣù ṣe ń jáde ni mo ń gun òkè oògùn lọ bí ẹni tó ń gun àgbọn, mi ò sì rí àgbọn kankan lókè.

Ìgbà kan ni oníkẹ́mísì ọ̀hún fi hóró funfun kékeré kan kún un, ó ní òun ni yóò jẹ́ kí àwọn tó kù ríran. Háà, ó dùn! Ikọ́ palẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí alágbàro. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, mo ya fọ́tò, mo fi í sórí fóònù. Mo ní kí oníkẹ́mísì máa bù ú fún mi lọ. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ padà dé, ó kó gbogbo ẹbí ẹ̀ dání.

Ahọ́n mi funfun bí ẹni tó lá ẹfun, tí mo bá fi síbí ha á, ibẹ̀ á máa ta mí. Inú mi ń ṣí ṣáá. Ẹ̀yin ẹ wò ó, mo ní oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí ló ń jáde. Ìdọ̀tí tó wà lára mi nígbà yẹn, orí mi nìkan ni, ìyẹn ò sì jáde.

Yèyé ń wò mí.

"Kí lo tún ń gbé mì yẹn?"

"Oògùn ni, Yèyé."

"Ti ọjọ́sí ńkọ́?"

"Ìyẹn ti tán. Èyí ló kàn."

"Ukọ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀!" Wọ́n pòṣé. "Bàbá rẹ àgbà ta aṣọ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá ti ní ó kù díẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n máa ń lóṣòó sí."

Òṣómàáló ni bàbá àgbà kí wọ́n tó fowó aṣọ ra oko kòkó. Iṣẹ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ ni: wọ́n á kó aṣọ lọ ta láwìn, tí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Kò ní jà, kò ní jókòó. Òṣòó ni yóò ló títí yóò fi gba nǹkan ẹ̀. Mo rò ó nígbà yẹn pé ikọ́ yìí gan-an, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ti lóṣòó sí mi láyà.

Mi ò sì lè kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa yàrá yẹn nìyẹn. Ihò ìṣó kan wà lára pákó fèrèsé, ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tín-ín-rín bí okùn. Mo máa ń fi imú síbẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ bí ẹja tó ń yọrí lódò. Mò ń gbọ́ táwọn ọmọkùnrin ìdí iná ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá jáde lọ bá wọn, tí kòkó sì dín, ta ni wọ́n máa ní ó tà á? Ọmọ tó tilé ìwé sá ni. Tí mo bá ní mo fẹ́ padà sí Òṣogbo, obìnrin ilé kejì ṣì ń bẹ láyé, ó ń béèrè nípa ìsinmi mi. Tí mo bá sì lọ sí ọsibítù ńlá Òṣogbo, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pín àwọn tí a jọ wọlé sí láti lọ kọ́ṣẹ́. Mo lè fi ojú inú rí wọn pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo ní kàkà kí n lọ nà sílẹ̀ níwájú wọn, màá kúkú máa gbé kápúsù mì. Mo dùbúlẹ̀ sórí kòkó, mo ń kọ́, eruku ń dìde lábẹ́ mi, mo ń fà á sínú, mo tún ń kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń ra kòkó, mo kọ́ tán mo rí ẹ̀jẹ̀. Ó ta sórí kòkó funfun tó wà níwájú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí Dókítà ṣe o: mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára kòkó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Yèyé á bínú pé mo ti ba ọjà jẹ́.

Yèyé rí i lára aṣọ mi. Wọn ò bínú. Wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà kan tó kúrú, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù, torí àdúrà Yèyé kì í kúrú. Wọ́n wá pe ìyá mi lórí fóònù.

Ìyá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti fi ìborùn dí imú láti inú takisí. Wọ́n dúró lókèèrè. "Ikọ́ ife ni," wọ́n wí, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n fi ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná sàmì sí ife kan àti àwo kan fún mi kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò. Ọsibítù di Mọ́ńdè. Títí di Mọ́ńdè, kí n má jáde. Wọ́n dá mi padà sínú yàrá kòkó, wọ́n ń ti oúnjẹ sí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì ń gbàdúrà lóde kí ohun tó ń pa mí fi mí sílẹ̀. Òun ni mo sì dùbúlẹ̀ lé.

Lọ́sibítù ní Òṣogbo, ẹni àkọ́kọ́ tó jáde sí wa ni ọmọkùnrin kan tí a jọ máa ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Aṣọ funfun, ìbomú nímú, ike kékeré lọ́wọ́.

"Dókítà!" Gbogbo àwọn tó jókòó ló yíjú. "Dókítà wa dé o!"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́."

"Gba èyí, wúkọ́ sínú ẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ o, itọ́ kọ́. Àbí ẹ ò tíì débẹ̀ kí o tó fẹsẹ̀ fẹ?"

Mo wúkọ́ fún un. Nígbà tó rí àwọ̀ ohun tó jáde, ẹ̀rín ojú ẹ̀ parẹ́. Kò tún pè mí ní Dókítà mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì rí i pé mo fẹ́ kó tún pè mí.

Èsì jáde: wọn ò rí ikọ́ ife. Ìyá mi ò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà máa fún mi ní oògùn ẹ̀, ó sàn ká ṣe é ṣáá. Dókítà gidi tó ń bójú tó wa, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní rárá, àwọn ò ní fún ẹni tí wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é ní oògùn tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gbé e sójú iná. Lókè lápá ọ̀tún, ihò kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, nǹkan kan sì jókòó sínú ihò náà bí ẹyin nínú ìtẹ́.

"Kí ni gbogbo ohun tí o ti lò?" Dókítà bi mí.

Mo kà á fún wọn. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo fi ìgbéraga kà á. Mo pe orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti pè é.

"Ta ló kọ wọ́n fún ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ta ni?"

Ìyá mi dá sí i. "Ó kàwé díẹ̀ ni, mà."

"Díẹ̀ yẹn ló ń ṣe é," Dókítà wí. Wọ́n wá bi mí: "Níbo lò ń sùn?"

"Orí kòkó, mà."

Wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo fi ti pákó fèrèsé kún un, mo fi ti ríra kún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ohun tó ń bu lára kòkó yẹn," Dókítà ní, "ẹbí olú tó ń hù lára igi jíjẹrà ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì. Gbogbo wa ló ń fa díẹ̀ sínú, ara wa á sì lé e. Ìwọ lọ tẹ́ ẹní fún un." Wọ́n wò mí. "Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín lóko kòkó, ṣé ó ń pa koríko?"

"Rárá, mà."

"Tí àgbẹ̀ bá wá ń fín in sí koríko láràárọ̀ ńkọ́?"

"Koríko á máa hù lọ, mà."

"Ohun tí o fi gbogbo oṣù yẹn ṣe nìyẹn. Kápúsù ẹ, bakitéríà ló ń pa. Kì í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Bakitéríà míì sì wà lẹ́nu ẹ, nífun ẹ, tí wọ́n ń bá ẹ ṣọ́lé. O pa àwọn ọdẹ ilé ẹ tán, ni funfun bá gba ahọ́n ẹ, ni inú ẹ bá ń ṣí. Hóró funfun kékeré yẹn sì ń kun àwọn ọmọ ogun ara ẹ lóorun. Ikọ́ ẹ rọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó ń jà mọ́, kì í ṣe pé ọ̀tá ti lọ. Ọjọ́ tí bakitéríà gidi bá sì wá bá ẹ, ó lè má ka oògùn yẹn sí mọ́."

Ìyá mi bi wọ́n bóyá ó máa lọ. Dókítà ní àwọn máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kó lè dájú, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì wà, ó máa pẹ́ lẹ́nu mi, wọ́n á máa yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò lórí ẹ̀. Ó lè lọ tán, ó lè fi àpá sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá tún sùn nínú yàrá yẹn," wọ́n ní, "kẹ́ ẹ má wulẹ̀ ra oògùn náà."

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, bí wọ́n ṣe wí ló rí. Mo bẹ̀rẹ̀ kápúsù tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, kápúsù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí kápúsù tì mọ́lé, kápúsù náà ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Nígbà tí mo lè rìn dé ibùdókọ̀ láìdúró mí, mo lọ sí Iléṣà láti kó ẹrù mi kí n sì ṣàlàyé fún Yèyé.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá kòkó. Ó tì. Láti inú.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Yèyé ni.

"Yèyé, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ta ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lọ." Àtọjọ́ tí mo ti lọ ni wọ́n ti ń sùn lórí fóòmù mi, lórí àwọn àpò yẹn. Wọ́n tún ti ń ra á fúnra wọn.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Olú, ihò, ẹyin, ìtẹ́. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Oògùn ló bà ọ́ jẹ́," wọ́n ní. "Mo sọ fún ọ. O wá fẹ́ dà á lé kòkó lórí. Kòkó yìí ló kọ́ ulé tí o dúró sí. Òun ló rán ìyá rẹ níléèwé, òun ló rán ìwọ náà, tí o sá."

Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́, bí ìdajì ẹ̀kọ́ mi. Mo sì gbọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan, kékeré, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Èmi tí mi ò lè fipá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, tí mo bá gbé ife omi mo ti ń mí, kí ni mo lè ṣe? Mo ṣe ohun kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn. Mo fi ìbòjú tí Dókítà fún mi dí imú, mo sún sẹ́yìn sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà ti lè rí mi, mo lóṣòó.

Ó pẹ́ díẹ̀. Yèyé ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. "Ṣé o ti lọ ni?"

"Mo wà ńbí. Mo lóṣòó ni."

"Ta ló jẹ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ni mo jẹ ọ́?"

"Ẹ jẹ mí ní Yèyé kan. Òun ni mo wá gbà."

Mo gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n gbé mì. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Oòrùn dé àtàrí. Obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀kọ kọjá dúró: "Dókítà, kí ló dé tí ẹ lóṣòó?" Yèyé kígbe látinú ilé: "Má dá a lóhùn, ọpọlọ rẹ̀ ti bá kápúsù lọ!" Àwọn ọmọkùnrin ìdí iná wá wòran, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ mi kú. Ikọ́ gbé mi, mo ṣubú lórí ìdí, mo tún gbéra lóṣòó. Mo tún ṣubú.

Àṣé Yèyé ti gbójú lé ihò kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí láìjẹ́ kí n mọ̀. "Kì í ṣe báyìí ni wọ́n ń ló o!" ohùn wọn dé, ó kún fún ìbínú. "Tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀! Bàbá rẹ àgbà kì í fìdí kan ilẹ̀! O máa dójú ti èèyàn lójú títì!"

"Ẹ wá fi hàn mí nígbà náà."

Ìdábùú irin dún. Yèyé jáde, àtíkè funfun yẹn kún irun wọn, ó kún ìpéǹpéjú wọn. Ìyàwó òní. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, gìgísẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn gún régé, bí ẹni ogún ọdún. A wà níbẹ̀ pọ̀.

"Mi ò gbà pé kòkó ni o," wọ́n ní.

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣe mí láàánú."

Àwọn ọkùnrin ìjọ wọn ló wá kó àpò síta lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi aṣọ dí imú. Èmi jìnnà, mo wà lábẹ́ igi ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n tu pákó fèrèsé, tí oòrùn wọlé, ògiri yàrá náà dúdú láti ilẹ̀ dé òkè, àwọ̀ dúdú tó nírun. Yèyé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti sùn níbẹ̀. Wọ́n ti fi mí sùn níbẹ̀. Wọ́n fa ìborùn wọn bo imú, wọ́n sì jáde wá bá mi lábẹ́ igi.

Wọ́n kọ́.

"Yèyé."

"Ata ni."

"Ẹ ò tíì dáná látàárọ̀."

Wọ́n wo ojú ọ̀nà. Wọ́n wò mí. Mo rí i lójú wọn bí ẹ̀rù ṣe ń wọlé, ẹ̀rù tí mo mọ̀ dáadáa: ẹni tí kò gbé oògùn mì rí, tó wá ń gbọ́ ohun kan láyà ara ẹ̀. Mo kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Má tún lóṣòó sí mi lọ́rùn mọ́," Yèyé wí. Wọ́n wọlé lọ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òṣogbo, iwájú ni wọ́n jókòó sí, mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń ka ikọ́ wọn láìfẹ́ kà á. Awakọ̀ bi wọ́n bóyá àlàáfíà ni wọ́n ń bá lọ.

"Àlàáfíà ni," Yèyé dáhùn, wọ́n sì fi àtàǹpàkò júwe mi lẹ́yìn. "Ọmọ yìí ni kò yá. Mò ń sìn ín lọ ni."